Ibi Tí Òtútù Ń Gbà Wọlé: Bí A Ṣe Ń Ṣe Yìnyín Ńlá Tó Mọ́ Gaara Nílé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá kan ń ta áìsì bílọ́ọ̀kù ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Abọ́ rọ́bà ni wọ́n fi ń dì í nínú fíríísà. Bí wọ́n bá gbé e jáde, wọn á da omi sí ìdí abọ́ náà, wọn á gbá a díẹ̀, yìnyín á sì yọ sórí àpò ìrẹsì tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀. Ohun tí èmi máa ń tẹjú mọ́ ni àárín yìnyín yẹn. Etí rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ funfun bí ojú ẹja tó ti jinná. Mo bi ìyá náà léèrè, wọ́n ní omi kànga ni kò mọ́ tó. Ó pẹ́ kí n tó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Omi kan náà ló wà létí abọ́, òun náà ló wà láàárín. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí omi ló fà á, kí ló dé tí etí fi mọ́?

Ẹni tó bá rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìyókù kò ju abọ́ sìlíkóònù, kúlà kékeré àti sùúrù ọjọ́ kan lọ.

Sóbò ni mo fi ń gbàlejò nílé mi, ìṣápá pupa tí mo se pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ó máa ń dùn mí tí mo bá da yìnyín wẹ́wẹ́ sí i, tí àlejò kò tíì mu ún dé ìdajì tó ti di omi pupa lásán. Yìnyín ńlá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìṣirò ló sì jẹ́. Yìnyín kan tó rí bí àpótí, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ní ojú mẹ́fà. Àpapọ̀ ojú náà jẹ́ 150 ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà onígunmẹ́rin. Tí ẹ bá pín yìnyín yìí sí mẹ́jọ, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.5, omi rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú tí ohun mímu ń fi kan yìnyín ti di 300. Ojú yẹn ni ooru ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ẹyọ ńlá kan fi ń pẹ́ kó tó yọ́, tí adùn sóbò sì ń dúró. Bó bá tún mọ́ gaara, àwọ̀ pupa yẹn á gba inú rẹ̀ kọjá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú gíláàsì, àlejò á gbé ife sókè wò ó kó tó fi kan ẹnu.

Ohun tó ń sọ ikùn yìnyín di funfun

Omi tí à ń mu kì í ṣe omi nìkan. Afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀, àwọn iyọ̀ inú ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí omi bá ń dì, omi nìkan ni yìnyín ń gbà mọ́ra. Ó ń ti afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ wọ̀nyẹn síwájú, sínú omi tí kò tíì dì.

Ẹ rántí bí àwọn ọdẹ ṣe ń sun igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá tiná bọ igbó yí ká, àárín ni òkété àti ọ̀yà máa sá jọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sì há sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti tiná bọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹran máa gbà sá lọ. Bí òtútù ṣe ń lé afẹ́fẹ́ nínú omi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nínú abọ́ lásán, òtútù ń wọlé látòkè, látìsàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ á sá sáàárín, kò ní ríbi gbà jáde, á sì há síbẹ̀ bí ìfófòó wẹ́wẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí àwọn ìfófòó yìí á fọ́n káàkiri, òun ni ojú wa ń rí bíi funfun. Omi tó kẹ́yìn láàárín yẹn tún ní ìyọnu mìíràn. Omi máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún bó bá ń di yìnyín. Níbi tó ti ń wá àyè tí yóò fẹ̀ sí, á la ara yìnyín tó yí i ká.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo la ní láti ṣe: kí òtútù má rí ju ojú kan lọ gbà wọlé.

Bí adágún ṣe ń dì ní ilẹ̀ olótùútù nìyẹn. Ilẹ̀ bò ó lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè nìkan ni òtútù ti ń bá a. Láàárín àwọn ọdún 1840, wọ́n ń gé yìnyín adágún Wenham ní Massachusetts, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí London. Wọ́n gbé odindi yìnyín kan sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wọn ní òpópónà Strand, wọ́n sì fi ìwé ìròyìn sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè máa kà á láti inú yìnyín. Ní 2009, òǹkọ̀wé kan ní San Francisco, Camper English, gbé ọgbọ́n adágún wọ inú fíríísà ilé. Ó bu omi sínú kúlà, ó ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò, ó sì gbé e sínú fíríísà. Ara kúlà dí òtútù lọ́nà ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́. Òkè nìkan ló kù. Yìnyín tó jáde mọ́ gaara, àfi apá ìsàlẹ̀ tó dì kẹ́yìn. Orí ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn abọ́ tí wọ́n ń tà lónìí fún irú yìnyín bẹ́ẹ̀ dúró lé. Àwọn ẹ̀rọ ńlá Clinebell ti Amẹ́ríkà, tí ń ṣe yìnyín tí ẹyọ kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi kílò 136, ìsàlẹ̀ ni tiwọn ti ń dì lọ sókè, ẹ̀rọ kékeré kan á sì máa ru omi lójú kí afẹ́fẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n mú yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo náà ni.

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ omi sísè kúrò lọ́nà, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ fún mi. Wọ́n ní ká se omi lẹ́ẹ̀mejì, yìnyín rẹ̀ á mọ́. Sísè ń lé díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń tutù ni afẹ́fẹ́ ń padà sínú rẹ̀, sísè kò sì yọ gbogbo iyọ̀ inú omi kúrò. Ẹ sè é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ dà á sínú abọ́ lásán, àárín rẹ̀ á ṣì funfun. Nítorí ìlera ni kí ẹ ṣe se omi tí kò dá yín lójú. Òtútù fíríísà kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Ọ̀pọ̀ wọn á wà níbẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́ sínú ife. Omi tí ẹ kò lè mu, ẹ má fi ṣe yìnyín.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ẹ wá kúlà kékeré tó nípọn, irú èyí tí a fi ń gbé ohun mímu lọ sóde, tí ara rẹ̀ le. Ẹ wọn inú fíríísà yín kí ẹ tó rà á. Fíríísà tó ń ṣí lókè ló rọrùn jù, nítorí kúlà lè jókòó síbẹ̀ láìṣí ìdérí rẹ̀, kí àyè sì ṣì wà lórí rẹ̀ fún òtútù.

Lẹ́yìn náà, abọ́ sìlíkóònù. Ó rọ̀ bíi rọ́bà, a sì lè tẹ ìdí rẹ̀ sókè kí yìnyín yọ láìfọ́. Olójú mẹ́rin tàbí olójú mẹ́fà ni kí ẹ rà, kí ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú ife tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ wọn ẹnu rẹ̀ láti inú. Yìnyín sẹ̀ǹtímítà 5 gùn ju sẹ̀ǹtímítà 7 díẹ̀ láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, torí náà ife tí ẹnu rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó 7.5 kò ní gbà á. Mo ti rí ẹni tó ṣe yìnyín ẹlẹ́wà, tó wá dúró sí ẹnu ife bí ọmọrí ìkòkò. Bí ife yín bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá abọ́ tí ojú rẹ̀ kéré sí i.

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ ó ṣe lára abọ́ náà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ ó dá ihò sí ìdí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ìdí bá dí, a kò tíì ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì igbó sílẹ̀ fún ẹran. Afẹ́fẹ́ tí òtútù lé wá láti òkè á há sí ìdí abọ́. Ihò méjì lójú kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdí pẹ́ńsù, ti tó. Ẹ má fi ìṣó gbígbóná lu ú, nítorí sìlíkóònù kì í yọ́ bí ike. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé e, tàbí irin oníhò tí etí rẹ̀ mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí pákó kí ẹ sì máa yí i. Àwọn abọ́ kan wà lọ́jà tí wọ́n ti dá ihò sí láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ yìí.

Nǹkan kẹta ni ohun tí abọ́ máa jókòó lé nínú kúlà, kí ó lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7 sí ìsàlẹ̀ kúlà. Ife ike kéékèèké mẹ́rin tí a dojú wọn délẹ̀ tó fún mi. Àyè abẹ́ yẹn ni ibi tí afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ máa sá lọ. Ẹ má ṣe ahun àyè yìí; bó bá kéré jù, funfun á padà gòkè bọ̀ wá sí ìdí yìnyín.

Ní ti omi, èyí tó fúyẹ́ lẹ́nu ló dára jù. Omi inú ọ̀rá tàbí omi tí a fi asẹ́ ilé sẹ́ ti dára tó. Omi bọ́ọ̀hóòlù tó ń fi àmì funfun sí ìdí ìkòkò kún fún iyọ̀ ilẹ̀, ó sì máa ń tètè rú ìsàlẹ̀. Bí òun lẹ ní, ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ jù bí mo ṣe sọ lọ.

Bí ẹ ó ṣe dì í

Ẹ fọ abọ́ àti kúlà pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní òórùn líle. Sìlíkóònù máa ń fa òórùn mọ́ra, bí ó bá ti gbọ́ òórùn ọṣẹ tàbí ti ẹja, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ohun mímu. Abọ́ tó ti gba òórùn, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sá a síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i.

Ẹ to àwọn ife ike sí ìsàlẹ̀ kúlà, kí ẹ gé ihò sára wọn tàbí kí ẹ dà wọ́n dé díẹ̀díẹ̀ nínú omi kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ wọn. Ẹ da omi sí i títí yóò fi bò wọ́n. Kí ẹ wá gbé abọ́ sìlíkóònù lé wọn lórí, kí ẹ máa da omi sí i jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí omi gba inú ihò ìdí wá sókè sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìka tẹ ìdí abọ́ níbi gbogbo. Ẹ ó rí ìfófòó tó ń jáde. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní sí mọ́. Ìfófòó kan tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ abọ́ lè dí ihò, ojú yẹn á sì funfun. Níbi etí abọ́ ni kí omi dúró, kó má borí rẹ̀. Bó bá borí, gbogbo yìnyín á lẹ̀ mọ́ra bíi pátákó kan, ẹ ó sì máa fi ọ̀bẹ yà á.

Omi tó ti tutù bíi ti inú yàrá ni kí ẹ lò. Omi gbígbóná kò ní ṣe yìnyín yín lóore, yóò sì yọ́ ẹja tó wà nínú fíríísà.

Ẹ gbé kúlà wọ fíríísà láìdé e, sórí ibi tó tẹ́jú, jìnnà sí ẹja pánlá àti ata lílọ̀, nítorí yìnyín tí kò ní ìdérí máa ń fa òórùn. Ní ìwọ̀n −18°C tí fíríísà ilé sábà máa ń wà, yìnyín sẹ̀ǹtímítà 5 máa ń gbà láàárín wákàtí 18 sí 24. Lóòótọ́, bí òtútù bá dín díẹ̀, tí dídì lọ́ra, yìnyín á túbọ̀ mọ́, torí afẹ́fẹ́ á ní àkókò láti sá. Síbẹ̀ n kò ní ní kí ẹ tìtorí yìnyín yí bọ́tìnnì fíríísà tí ẹran àti ẹja wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ ó gbé e jáde ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ẹ má dúró kí gbogbo rẹ̀ dì. Omi abẹ́ gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ omi nígbà tí ojú abọ́ bá ti dì tán, nítorí bí omi abẹ́ náà bá dì, kò ní sí ibi tí yóò fẹ̀ sí, ó lè la yìnyín, ó sì lè la kúlà pẹ̀lú. Mo pàdánù kúlà mi àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 18, ẹ fi ọwọ́ mi kúlà náà kí ẹ fetí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ omi tó ń mì lábẹ́, ẹ fojú wo ẹ̀gbẹ́ yìnyín bó ṣe jìn tó. Fíríísà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ kọ wákàtí tiyín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa lò ó títí.

Bí iná bá lọ

Nílé wa níbí, kíka wákàtí lójú aago kò tó. Wákàtí iná ni kí ẹ kà. Bí iná bá wà fún wákàtí mẹ́jọ lónìí, tó tún wà fún mẹ́wàá lọ́la, méjìdínlógún lẹ kà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì ti lọ. Ẹ má ṣí fíríísà wò nígbà tí iná kò sí.

Ohun tó ń ba yìnyín jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ojú rẹ̀ yọ́ kó tó tún dì. Omi tó yọ́ sókè yẹn, orí yìnyín ló wà, bí iná bá sì dé, òtútù á tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí yìnyín tó wà lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí, ìlà funfun kan á sì yọ nítòsí òkè. Bí iná bá ti pẹ́ kó tó dé, tí ẹ bá ṣí fíríísà tí ẹ rí omi lójú yìnyín, ẹ fi aṣọ mímọ́ fà á kúrò kí òtútù tó tún mú un. Ìgbà mìíràn, mo kàn máa ń fi alẹ́ ọjọ́ tí iná máa ń dúró dáadáa ládùúgbò wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí n tó sùn.

Yíyọ rẹ̀ àti lílò rẹ̀

Ẹ gbé kúlà síta, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú bàsíà ńlá, kí ẹ fi sílẹ̀. Nínú ooru tiwa, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, ara yìnyín á tú, á sì já bọ́, omi abẹ́ á sì dà sínú bàsíà. Ẹ má fi ọ̀bẹ wọ́ ọ láàárín kúlà. Ẹ ó rí yìnyín pẹlẹbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́ sìlíkóònù, tí ìfófòó kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo funfun sá sí. Ẹ fi ọ̀bẹ eléyín fa ìlà sí àárín rẹ̀ àti abọ́, kí ẹ fi ọmọ odó kékeré gbá ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà jẹ́jẹ́, á já kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìdí ojú kọ̀ọ̀kan sókè kí yìnyín yọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 115.

Bí ó bá jáde láti inú fíríísà, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ dà bíi gíláàsì tí ènìyàn mí sí. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kò ba nǹkan jẹ́. Òtútù ara rẹ̀ ló ń fa ìrì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí tíréè fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi máa dán tó sì rin. Ìdúró yìí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: ohun mímu tí a bá dà sórí yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríísà jáde á mú kí ìta rẹ̀ gbóná lójijì nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù gan-an, á sì sán kẹ́kẹ́, ìlà á gba gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko tí ẹ fi ṣe é, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn kò pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ewé efinrin tàbí òdòdó sínú rẹ̀. Láti òkè ni dídì ti bẹ̀rẹ̀, torí náà ohun tó bá léfòó ni yìnyín kọ́kọ́ mú, ibi tí ẹ bá tò ó sí náà ló máa wà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn èyí tí kò ní nǹkan kan nínú.

Bí ẹ kò bá lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ nu ara wọn gbẹ, kí ẹ to wọn sórí tíréè nínú fíríísà, kí ọ̀kan má kan èkejì. Bí wọ́n bá ti le dáadáa, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Yìnyín tí a kò bò máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú fíríísà, igun rẹ̀ á kú, á sì máa kéré sí i, yàtọ̀ sí òórùn pánlá tí mo ti sọ.

Ẹ má da yìnyín pẹlẹbẹ olófòófòó tó ṣẹ́ kúrò lábẹ́ abọ́ nù. Ẹ fọ́ ọ sínú kúlà tí ìgò ohun mímu wà, kí ẹ sì da omi díẹ̀ lé e. Ohun mímu á ti tutù kí àlejò tó dé, yìnyín ńlá inú ife kò sì ní ṣiṣẹ́ púpọ̀.